Má Gba Owó Nọ́sù Lọ́wọ́ Ẹni Tí Fílítà Rẹ̀ Dí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Kanvili níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba fìrídọ́ọ̀mù tí ẹ ń dá ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mẹkáníìkì tó ń tú ohun tí kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, olè ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń jalè. Ọkọ̀ á dé, kò ní fẹ́ ta. Ọ̀gá á ní nọ́sù ti kú, kí oníbàárà lọ ra mẹ́rin. Wọ́n á dè é, ọkọ̀ ò ní ta. Wọ́n á ní pọ́ǹpù ni, wọ́n á tún ra pọ́ǹpù. Níkẹyìn, ẹnì kan á yọ fílítà, á bá a tó dí pa, á fi tuntun sí i, ọkọ̀ á sì ta. Owó tó ti lọ kó tó dìgbà náà lè jẹ́ gbogbo ohun tí àgbẹ̀ kan rí lórí iṣu àti ìrẹsì rẹ̀ lọ́dún kan. Kò sí ẹni tó máa dá a padà fún un.

Ìyà yìí ń pọ̀ sí i nítorí pé ọkọ̀ ti yí padà, ọwọ́ wa ni kò tíì yí. Ẹ wo ọ̀nà Bolgatanga yìí. Tírélà tó kó ẹrù ní Tema, tó ń lọ Paga láti wọ Burkina Faso, ibí ló ń gbà. Hilux àwọn àjọ aláàánú tó kún Tamale ń gba ibí, bọ́ọ̀sì Sprinter tó ń kó èrò ń gba ibí. Púpọ̀ nínú wọn lónìí jẹ́ common rail, irú ẹ́ńjìnnì dísù tí mo máa ṣàlàyé láìpẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Land Cruiser tó ní ẹ́ńjìnnì 1HZ ṣì ń lo pọ́ǹpù àtijọ́, ìdí kan sì nìyẹn tí àwọn tó ń lọ sí ìgbèríko jíjìn fi fẹ́ràn rẹ̀. Actros ti àkọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní pọ́ǹpù tirẹ̀. Kì í ṣe common rail. Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú yín.

Nígbà tí Rudolf Diesel mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọrí ní Augsburg ní Jámánì ní 1897, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ra ló fi ń fẹ́ epo wọ inú sìlíńdà. Ní 1927 ni Bosch bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pọ́ǹpù dísù jáde lọ́pọ̀ yanturu, pọ́ǹpù yẹn àti àwọn tó tẹ̀lé e ni àwọn ọ̀gá wa fi kọ́ṣẹ́. Òun nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: òun ló ń fún epo, òun ló ń wọn iye rẹ̀, òun ló mọ ìgbà tó yẹ kó rán an sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Nọ́sù ò ní làákàyè kankan. Bí epo bá ti le tó láti borí sípíríǹgì inú rẹ̀, á ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, pírẹ́ṣọ̀ á rẹlẹ̀, epo ò ní fọ́n dáadáa, èéfín dúdú á sì máa yọ.

Common rail pín iṣẹ́ ọ̀hún sí mẹ́ta. Pọ́ǹpù ń fún epo, kò sì mọ ohun mìíràn. Réèlì, ìyẹn páìpù irin tó nípọn tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ń tọ́jú epo náà tòun ti pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ de gbogbo sìlíńdà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pàṣẹ ìgbà tí nọ́sù máa ṣí àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó pa dé. Pírẹ́ṣọ̀ kò dúró de eré ẹ́ńjìnnì mọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Robert Huber, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ètò yìí ní Switzerland láti àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n 1995 ni Denso ti Japan tó gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù Hino fún títà. Ní ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Fiat ní Ítálì ló ṣe púpọ̀ nínú wàhálà rẹ̀, wọ́n tà á fún Bosch, ó sì jáde nínú Alfa Romeo 156 ní 1997. Pírẹ́ṣọ̀ ti ìgbà yẹn ń dé 1,350 bar. Lónìí, 2,000 bar ti di ohun ojoojúmọ́, àwọn kan sì ń dé 2,500. Táyà ọkọ̀ kékeré tí ẹ ń fẹ́ lójú ọ̀nà kì í gbà ju nǹkan bíi 2 bar lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé epo láti inú táǹkì. Pọ́ǹpù kékeré kan ló ń fà á. Lára àwọn ọkọ̀ kan, iná ló ń gbé e ṣiṣẹ́ nínú táǹkì. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀yìn pọ́ǹpù ńlá tó ń fún epo ló wà. Epo á gba inú fílítà kọjá, omi tó bá wà nínú rẹ̀ á sì jókòó sí ìdí fílítà náà. Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ níbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nílùú wa.

Àlàfo tó wà láàárín pílọ́ńjà àti ilé rẹ̀ nínú pọ́ǹpù ńlá kò ju micron mélòó kan lọ. Ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí ènìyàn sì nípọn tó nǹkan bí 70. Eruku ọyẹ́ tó ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ní Tamale láti November títí di February, ojú yín ò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó tó láti ha irin yẹn. Fílítà ayédèrú tí bébà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ á jẹ́ kí epo kọjá wẹ́rẹ́, inú oníbàárà á dùn pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ọkọ̀ á sì máa sáré. Pọ́ǹpù ló máa sanwó rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ má sì da epo sínú fílítà tuntun láti inú ike kí ẹ tó dè é, bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ti ń ṣe. Epo tí ẹ bá dà sí ojú ihò àárín, ibi tí epo tó ti mọ́ ń gbà jáde, kò gba inú asẹ́ kankan kọjá kó tó dé pọ́ǹpù. Bí pọ́ǹpù ọwọ́ bá wà lórí ilé fílítà, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le.

Omi burú ju eruku lọ. Táǹkì tó ṣófo dé ààbọ̀, tí oòrùn ọ̀sán mú gbóná, tí otútù ọyẹ́ tún mú tutù lóru, omi á máa sẹ̀ sí i nínú. Gálọ́ọ̀nù àti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé dísù lọ sí abúlé ń kó omi pẹ̀lú. Irin inú pọ́ǹpù àti nọ́sù á dógùn-ún, ibi tí ó sì ti dógùn-ún kò ní lè di pírẹ́ṣọ̀ mú mọ́. Ẹ kọ́ àwọn oníbàárà yín bí a ṣe ń tú ìdí fílítà kí omi jáde, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé bí iná fílítà bá tàn níwájú dírẹ́bà, kí wọ́n má ṣe wà á títí di ọjọ́ ọjà.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú púpọ̀ lára àwọn pọ́ǹpù wọ̀nyí, dísù fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì wọn. Òun ló ń jẹ́ kí irin yọ̀ lórí irin. Dísù tí wọ́n bu kẹrosíìnì mọ́ kò yọ̀ tó, irin á sì máa lọ irin. Gánà ti ń fi èròjà àmì sínú epo láti 2013 kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti pò ó pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olójúkòkòrò kò tán nílẹ̀. Ní ti imí-ọjọ́ inú dísù, òfin gbà tẹ́lẹ̀ kó dé 3,000 nínú mílíọ̀nù kan; láti July 2017 wọ́n fi í sí 50 fún èyí tí wọ́n ń kó wọ Gánà. Ohun rere ni, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa ló ń jàǹfààní rẹ̀. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń yọ imí-ọjọ́ kúrò ni epo ń pàdánù díẹ̀ nínú yíyọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọ epo ń fi èròjà mìíràn dí i. Dísù tuntun kọ́ ló ń pa pọ́ǹpù. Èyí tí ẹnì kan là ní kọ̀rọ̀ ló ń pa á.

Láti ọ̀dọ̀ fílítà, epo á dé pọ́ǹpù ńlá. CP1 ti Bosch ní pílọ́ńjà mẹ́ta. HP3 ti Denso, tó wà lára ọ̀pọ̀ Hilux, ní méjì tó kọjú síra wọn. Lára HP3 ni fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní SCV, òun ló ń wọn epo tó ń wọlé kí pọ́ǹpù tó fún un. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, tàbí tó kú lójú ọ̀nà tó tún wá ta lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fáàfù yìí ni kí ẹ fura sí lẹ́yìn fílítà. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ owó pọ́ǹpù rárá. Mo ti rí i tí wọ́n ju pọ́ǹpù tó sàn sílẹ̀ lábẹ́ igi dogoyárò, tí ó jẹ́ pé fáàfù yìí ló há. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ da epo inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, tí ẹ rí ìyẹ̀fun irin tó ń dán, ọ̀rọ̀ ti kọjá fáàfù nìyẹn. Pọ́ǹpù ti ń jẹ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun náà sì ti dé réèlì àti gbogbo nọ́sù. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù nìkan, tí kò fọ táǹkì àti páìpù, tí kò sì yẹ réèlì àti nọ́sù wò, tuntun tó dè náà máa bàjẹ́.

Réèlì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ iye pírẹ́ṣọ̀ fún kọ̀ǹpútà, fáàfù kan sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn tó ń tú epo sílẹ̀ bí pírẹ́ṣọ̀ bá kọjá àlà. Bí fáàfù ìdáàbòbò yìí bá ń jò, pírẹ́ṣọ̀ ò ní gun òkè láéláé, pọ́ǹpù tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi.

Nọ́sù ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dénú. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ló wà nínú rẹ̀ tó dí ihò ẹnu rẹ̀. Epo tó ti réèlì wá pín sí méjì: apá kan lọ sísàlẹ̀, ó ń ti abẹ́rẹ́ sókè, apá kejì gba ihò tóóró kan bọ́ sínú yàrá kékeré tó wà lórí abẹ́rẹ́, ó ń tì í sísàlẹ̀. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì láti òkè tí wọ́n tún ń tì láti ìsàlẹ̀: àwọn tó wà lókè ní àyè tó fẹ̀ jù láti fi ara tì í, sípíríǹgì tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí náà kò lè ṣí. Ihò kejì wà lórí yàrá yẹn, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ ló dí i. Bí kọ̀ǹpútà bá rán iná sínú kọ́ìlì, mágínẹ́ẹ̀tì á gbé ohun tó tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kúrò, epo inú yàrá á sá jáde sínú páìpù tó ń dá epo padà. Ihò ìjáde gbà ju ihò ìwọlé lọ, pírẹ́ṣọ̀ inú yàrá á já, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á borí, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á fọ́n jáde. Bí iná bá kúrò, bọ́ọ̀lù á padà sáyè rẹ̀, yàrá á kún, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iná wẹ́rẹ́ ṣe ń pàṣẹ fún agbára tó tó 2,000 bar.

Kí epo náà tó fọ́n gan-an, kọ̀ǹpútà sábà máa ń ní kí nọ́sù kọ́kọ́ fọ́n díẹ̀ bí mìlímítà oníhà-mẹ́ta kan tàbí méjì. Èyí ló ń mú sìlíńdà gbára dì, tí dísù òde òní kò fi ń pariwo bíi ti Bedford àtijọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ń dá sìlíńdà rẹ̀ lóhùn ní ìgbà 1,000 nínú ìṣẹ́jú náà, ó sì lè ṣí ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ń rẹ bọ́ọ̀lù yẹn. Bí ìjókòó rẹ̀ bá jẹ, epo á máa jò padà sí táǹkì ní gbogbo ìgbà, pọ́ǹpù á máa fún, réèlì ò ní kún. Ẹ di èyí mú, a máa padà sí i.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yín. Lórí pọ́ǹpù àtijọ́, a máa ń tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí a sì mọ sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán èyí wò lórí common rail, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó ṣe é. Epo tó ń jáde ní pírẹ́ṣọ̀ yẹn á gún awọ ara wọlé, ìbọ̀wọ́ kò ní dá a dúró. Ojú ọgbẹ́ á kéré, ó lè má dùn yín ní wákàtí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni dísù ti ń tàn nínú ẹran ara. Ẹ má fi omi gbóná ra á, ẹ má dúró di àárọ̀. Tamale Teaching Hospital ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ fún dókítà pé dísù onípírẹ́ṣọ̀ ló wọ ọwọ́, nítorí ó lè gba pé kí wọ́n la ibẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ kí ìka tàbí ọwọ́ má baà lọ. Páálí ni a fi ń wá ibi tí epo ti ń jò, kì í ṣe ọwọ́. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú mélòó kan kí pírẹ́ṣọ̀ réèlì wálẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná tó ń ṣí wọn lè ju 80 volt lọ.

Bí ó bá di dandan kí ẹ yọ nọ́sù, ẹ fọ orí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ dé ẹnu gbogbo páìpù bí ẹ ṣe ń tú u, ẹ má fi àkísà tó ń já fọ́nrán nu ún. Wáṣà kọ́pà ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 1KD-FTV ti Toyota ló ti bàjẹ́ nítorí wáṣà yìí: ooru iná sìlíńdà á gba abẹ́ nọ́sù yọ, eérú dúdú á wọ inú ọ́ìlì, á dí asẹ́ tó wà nínú abọ́ ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ. Ohun kékeré ló ń ba ohun ńlá jẹ́. Nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sórí nọ́sù tuntun, kì í ṣe nọ́ńbà ọjà lásán; òun ni ẹ máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ó lè mọ bí nọ́sù yẹn ṣe ń fọ́n tó.

Ẹ ní láti ní sìkánà, ẹ sì ní láti mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ju irinṣẹ́ àti ìsọ̀ lọ. Àwọn bàbá wa tó wá sí Tamale láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ìnísà ní ìsọ̀ àti ọjà nílùú yìí. Ní November 1969, ìjọba Busia fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi ìsọ̀ sílẹ̀, tó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ló tètè gbéra ńlẹ̀ ní ibi tó dé. Ohun tí ẹ bá mọ̀ dénú yóò bá yín dé ibikíbi tí ọkọ̀ dísù wà.

Bí ọkọ̀ bá wá dé tí kò ta, ẹ so sìkánà, kí ẹnì kan máa sítáàtì, ẹ wo pírẹ́ṣọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń béèrè àti èyí tó wà nínú réèlì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kò bá tíì tó nǹkan bí 200 sí 250 bar, kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí nọ́sù ṣí. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá tó, tí ọkọ̀ sì kọ̀, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀, ẹ lọ wo sẹ́ńsọ̀ kíráńkì àti wáyà. Bí kò bá tó, ọ̀dọ̀ fílítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí páìpù ti là. Ọkọ̀ tó ń ta láàárọ̀ tí kì í ta lọ́sàn-án, ní March àti April tí oòrùn Tamale ń dé ìwọ̀n 40, ẹ fura sí nọ́sù tàbí pọ́ǹpù tó ti jẹ: dísù tó gbóná fẹ́lẹ́, ó ń jò gba ibi tí kò lè gbà nígbà tó tutù.

Nígbà náà ni kí ẹ padà sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn. Ẹ tú páìpù tó ń dá epo padà lórí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi rọ́bà sí i, kí ẹ ki rọ́bà kọ̀ọ̀kan bọ inú ìgò tirẹ̀. Epo ibẹ̀ kò ní pírẹ́ṣọ̀ réèlì nínú, ṣùgbọ́n ẹ dí ẹnu páìpù ìdápadà tó kù kí eruku má wọ̀ ọ́. Ẹ sítáàtì fún ìwọ̀nba àkókò kan náà, ẹ wá wo bí epo ṣe ga tó nínú ìgò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rí bákan náà tí epo wọn sì kéré, nọ́sù kọ́ ló ń jí pírẹ́ṣọ̀. Ẹ lọ wo fáàfù réèlì àti SCV kí ẹ tó dárúkọ pọ́ǹpù. Bí ọ̀kan bá kún ju àwọn yòókù lọ gidigidi, ẹ má tíì da nǹkan kan nù. Ẹ pe oníbàárà wá síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo àwọn ìgò náà lójú ara rẹ̀, kó mọ̀ pé nọ́sù kan ló máa rà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó.